Ọdẹ Tó Ki Ìbọn Lẹ́ẹ̀mejì

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí koríko ti máa ń ga ju orí ènìyàn lọ kí wọ́n tó dáná sun ún. Ọdẹ ni. Ọdẹ́rìnlọ ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe òun ló ń pa ẹran jù nínú ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yá tó ti àwọn mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n ẹ̀tù bíi tirẹ̀.

Ìbọn ṣakabùlà ni gbogbo wọn ń lò, èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Ẹni tó bá ń lo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀tù tó kéré jù a máa dójú ti ọdẹ, èyí tó pọ̀ jù a sì máa pa á. Ẹran tí ọta kò bá wọ̀ lára dáadáa yóò gbé ọgbẹ́ sá lọ, yóò lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, igún ni yóò jẹ ẹ́. Irin tí ẹ̀tù bá sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò ya, ọwọ́ àti ojú ẹni tó gbé e dání ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Ọdẹ́rìnlọ mọ gbogbo èyí. Bí ẹnìkan bá gbé ìbọn wá fún un, yóò fi ìka wo bí irin rẹ̀ ti nípọn tó lẹ́nu, yóò fi èékánná kàn án, yóò tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ pé, "Èyí, ìwo kan fún àgbọ̀nrín, ìdajì ìwo fún awó. Má fi kún un bí ẹ̀mí rẹ bá wù ọ́." Ìwo tó ń sọ náà ni ṣóńṣó ìwo àgbò kan tó gé, tó sì fi ń wọn ẹ̀tù.

Bí ẹ̀tù tuntun bá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gún un, kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà ṣe. Yóò so ògbólógbòó ìbọn kan mọ́ kùkùté, yóò fi okùn gígùn fà á láti ẹ̀yìn òkìtì ọ̀gán, yóò sì lọ wo bí ọta ti wọ igi tó. Ohun tí ń tanná sí ẹ̀tù kò gbẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọdẹ kan ń lọ orí ìṣáná kúnná, wọ́n ń fi ṣe iná ìbọn. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní orí ìṣáná kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ó lè jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì lè kọ́kọ́ ronú. Kápù ni tirẹ̀, idẹ kékeré tí wọ́n fi ń dé ihò iná ìbọn, tí òòlù ìbọn yóò gbá. Inú agolo ló ń tọ́jú wọn sí pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀ tí yóò máa fa ọ̀rinrin. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń bá wọn ki ìbọn, ìbọn kankan tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kò ṣe olówó rẹ̀ léṣe.

Nígbà tó di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ìgbàgbé kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí gbogbo wa ń rí, tí orúkọ ènìyàn yóò sálọ fún ìgbà díẹ̀ tí yóò sì padà wá. Ó lè wẹ̀ tán kó tún pọn omi ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó jókòó lórí òkúta lọ́nà oko, kò mọ̀ bóyá ó ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀. Àdá ọwọ́ rẹ̀ ló wò, tó rí oje igi tútù lára rẹ̀, ló fi mọ̀ pé òun ti ṣiṣẹ́ tán.

Ìyàwó rẹ̀ rí i. Obìnrin náà a máa rọra gbé garawa omi kejì kúrò lójú ọ̀nà. Bí àlejò bá bi ọkọ rẹ̀ ní ohun tó ti gbàgbé, òun ni yóò yára dáhùn, bí ẹni tí ẹnu ń yún. Kò bá a sọ ọ́ rí. Ọkùnrin náà kò sì bá a sọ ọ́. Wọ́n jọ ń gbé ilé pẹ̀lú ohun tí wọn kò sọ.

Níbi ìpàdé ọdẹ kan, Ọdẹ́rìnlọ sọ ìtàn bó ṣe pàdé ẹfọ̀n lọ́jọ́ kan. Ó sọ ọ́ tán, ó mu omi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdẹ kan tí kò tíì pé ogójì ọdún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, a ti jẹ èyí yó. Ẹ bu òmíràn wá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé kò lè jẹun. Ó ń rò ó pé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, ta ni yóò tún gbé ìbọn fún mi? Bí wọn kò bá sì gbé ìbọn fún mi mọ́, kí ni mo jẹ́?

Ìyàwó rẹ̀ ní àbúrò kan, Akínlàbí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì tó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta. Àgbẹ̀ ni, kì í ṣe ọdẹ. Ìbọn kan ló ní, èyí tí alágbẹ̀dẹ ìlú rọ fún un, tó fi ń ṣọ́ oko. Lọ́dún náà, bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àgbọ̀nrín kan sọ oko erèé rẹ̀ di ilé oúnjẹ. Ewé tó bá yọ lónìí, ẹran náà á ti jẹ ẹ́ kó tó di ọ̀la. Akínlàbí lo agogo, ó gbé aṣọ kọ́ igi bí ènìyàn, ẹran náà kò bìkítà. Ó wá bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi ki ìbọn yìí. Bí mo bá kì í fúnra mi, ọkàn mi kì í balẹ̀."

Ọdẹ́rìnlọ gba ìbọn náà, ó fi ìka wo ẹnu rẹ̀. "Gbé e sílẹ̀ títí di ọ̀la," ló wí. "A ó jọ lọ. Èmi náà fẹ́ rí ẹran tí kò mọ ìtìjú yìí."

Ó ránṣẹ́ sí ọdẹ méjì mìíràn pé kí wọ́n wá bá wọn dá ẹran náà lọ́nà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọdẹ ọ̀dọ́ tó rẹ́rìn-ín níbi ìpàdé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Akínlàbí kọ́kọ́ dé. Ọdẹ́rìnlọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti to gbogbo ohun èlò rẹ̀ kalẹ̀: akèrègbè ẹ̀tù, ìwo, àpò ọta, ìhá ọ̀pẹ tí wọ́n fi ń dí ẹ̀tù mọ́lẹ̀, àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì í. Ọ̀pá náà ní ìlà kan tó fi ọ̀bẹ fà sí i lára. Bí ẹrù ìwo kan bá wà nínú ìbọn, tí wọ́n ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ìlà náà á ṣe déédéé pẹ̀lú ẹnu ìbọn. Bí ìbọn bá ṣófo, ìlà náà á rì sínú.

Ó ki ti ara rẹ̀. Akínlàbí ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. Ọdẹ́rìnlọ mú ìbọn kejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀ kígbe pé ejò ti wọ ilé adìẹ. Ó dìde, ó mú igi, ó lọ bá wọn. Ejò náà ti ká ara rẹ̀ mọ́ ẹyin, ó sì gbà wọ́n ní àkókò díẹ̀ kí wọ́n tó rí orí rẹ̀ fọ́. Nígbà tó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọdẹ méjì náà ti dé, wọ́n jókòó sórí pèpéle, wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀nà tó yá jù. Ìbọn méjèèjì fẹ̀yìn ti ògiri.

Ó dúró. Ó wò wọ́n. Ó mọ̀ pé òun ti ki tòun. Ti Akínlàbí ńkọ́? Ó wá a nínú ọkàn rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó wọ yàrá tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ lọ.

Bí ó bá ti ọ̀pá bọ ìbọn náà, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọdẹ tí kò mọ ohun tí ẹni tó ń fi ọ̀pá wá inú ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ ń wá. Ọdẹ ọ̀dọ́ náà sì ti kọjú sí i, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ lè sọ pé, "Mi ò rántí bóyá mo ti ki èyí."

Ó mú ìwo, ó bu ẹ̀tù kún un, ó dà á sí ẹnu ìbọn Akínlàbí. Ó ki ìhá, ó ki ọta, ó tún ki ìhá. Lẹ́yìn náà ló ti ọ̀pá bọ̀ ọ́.

Ọ̀pá náà tètè dúró. Ìlà tó yẹ kó ṣe déédéé pẹ̀lú ẹnu ìbọn wà lókè, ó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga jù ú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ẹrù méjì ló wà nínú ìbọn náà, ọ̀kan lórí èkejì.

"Bàbá, ṣé kò sí o?" Ọdẹ ọ̀dọ́ náà ló bi í.

"Kò sí," ló dáhùn. "Kí ni ì bá wà?" Ó fa ọ̀pá náà yọ.

Láti ìgbà náà lọ, kì í ṣe ìgbàgbé mọ́.

Ó ku kápù. Agolo méjì ló ní, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí òjò ti jò sí. Ó mú ti àtijọ́. Ó ṣa ọ̀kan tó ti ta àwọ̀ ewé, ó fi dé ihò iná ìbọn àna rẹ̀. Ó dá a lójú pé kò ní jó. Bí kò bá jó, òun yóò sọ pé kápù ló bàjẹ́, òun yóò gba ìbọn náà, òun yóò tú ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù lẹ́yìn igi, òun yóò sì tún un kì bó ti yẹ. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò farapa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò ó, ó sì dà bí ọgbọ́n lójú rẹ̀.

Má ṣe rò pé ọkùnrin náà kò ní ẹ̀rí ọkàn, ìwọ tí ò ń gbọ́ mi. Ó ní. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kára láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀nà tí yóò fi ṣe rere láìtijú ló ń wá.

Wọ́n bọ́ sọ́nà. Akínlàbí wà níwájú pẹ̀lú ìbọn léjìká, Ọdẹ́rìnlọ ń tẹ̀ lé e, ó ń wo irin náà bó ti ń jó lókè jó nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìrìn rẹ̀. Bí wọ́n ti ń la odò kékeré kan kọjá, ó ní, "Akínlàbí."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni kó o jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn. Má yìnbọn àfi bí mo bá ní kó o yìn."

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Ìbọn tó ti ọwọ́ yín wá, bí mo bá tilẹ̀ di ojú yìn ín, yóò ba nǹkan." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń lọ.

Ọdẹ́rìnlọ tún la ẹnu lábẹ́ igi irúgbá kan, ó sì pa á dé.

Nígbà tí wọ́n dé oko, àwọn ọdẹ méjì náà yí gba òdìkejì lọ kí wọ́n lè máa lé ẹran náà bọ̀. Ọdẹ́rìnlọ àti Akínlàbí ba sí etí oko, igi kan wà láàárín wọn, wọn kò jìnnà síra ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Oòrùn ti là. Ìrì ṣì wà lórí erèé. Kò pẹ́, ẹran náà jáde, akọ ńlá, àmì funfun kan wà lọ́fun rẹ̀. Apá ọ̀dọ̀ Akínlàbí ló yọ sí. Igi náà dí Ọdẹ́rìnlọ lójú, kò sí bí òun ṣe lè yìn ín.

Akínlàbí wò ó. Ó fi ojú béèrè. Kò rí ìdáhùn kankan ní ojú àgbà náà, ẹran náà sì ti ń jẹ ewé. Ó gbé ìbọn sójú, ó fà á.

Òòlù dún lórí kápù, tá. Kò jó.

Ọdẹ́rìnlọ mí kanlẹ̀. Ó ti ń ro ohun tí yóò sọ nípa kápù. Àgbọ̀nrín náà gbé orí sókè, ó na etí, kò sá. Akínlàbí kò sì gbé ìbọn sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó mú ohun kékeré kan jáde tó ń dán nínú oòrùn. Kápù tuntun ni. Ọdẹ ọ̀dọ́ náà ló ti fún un ní méjì lọ́nà pé bóyá yóò wúlò fún un. Ọdẹ́rìnlọ kò mọ̀.

Àyè wà. Kò pọ̀, àmọ́ ó tó fún ọ̀rọ̀ kan. "Dúró" kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kígbe, ẹran yóò sá, wọn yóò bi í pé kí ló dé, kò sì tíì ní ohun tí yóò sọ. Ó ń wá ohun tí yóò sọ ni ìbọn náà fi dún.

Ìró náà kì í ṣe ìró ìbọn. Ó dà bí ìgbà tí igi ńlá ya láàárín. Èéfín bo etí oko. Nígbà tí èéfín náà gbé ara sókè díẹ̀, Akínlàbí ti jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sí mọ́ láti ọrùn ọwọ́. Irin kan ti wọ ọ́ lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èémí rẹ̀.

Ọdẹ́rìnlọ sáré kúnlẹ̀ tì í, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ojú ọgbẹ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Akínlàbí wí, ohùn rẹ̀ ti di yẹ́kẹ́yẹ́kẹ́, "ṣé mo bà á?"

"O bà á," ni Ọdẹ́rìnlọ wí.

Àwọn méjì tó kù dé, wọ́n gé igi, wọ́n fi aṣọ so ó, wọ́n gbé e. Kí wọ́n tó la odò kékeré náà padà, ó ti kú.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, wọ́n kó àfọ́kù irin náà wá síwájú ẹgbẹ́ ọdẹ. Ẹnìkan ní irin náà ni kò dára. Gbogbo wọn yíjú sí Ọdẹ́rìnlọ, nítorí ta ni wọn ì bá tún bi? Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Irin ni." Kò fi kún un. Ọ̀rọ̀ náà tó, wọ́n gbé e lọ sí ilé alágbẹ̀dẹ.

Alágbẹ̀dẹ náà kò ju ẹgbẹ́ Ọdẹ́rìnlọ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé ọkọ́ wá fún un, kò sẹ́ni tó gbé àdá wá. Àwọn tó ti ra ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ kó wọn padà, wọ́n dà wọ́n sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ẹbí òkú lọ fi ọ̀bẹ la ẹwìrì rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá dé odò, àwọn obìnrin yóò gbé ìkòkò wọn kúrò níbẹ̀.

Ó wá sọ́dọ̀ Ọdẹ́rìnlọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó tú aṣọ kan, ó gbé àfọ́kù irin náà sí orí pèpéle.

"Ọdẹ, mi ò wá jà. Ìwọ lo mọ irin jù lẹ́yìn tèmi nílùú yìí. Irin tó bá ní àléébù, ibi àléébù náà ló ti ń ya, tí yóò sì ya lọ gbọọrọ. Wo èyí. Inú ìdí rẹ̀ ló ti wú kó tó fọ́ yángá. Ohun kan ló wà nínú rẹ̀ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ìwọ lo kì í. Ìwo mélòó lo dà sí i?"

Ọdẹ́rìnlọ fi ìka kan irin náà.

"Mi ò rántí," ló wí.

Alágbẹ̀dẹ náà wò ó. Ó di aṣọ rẹ̀, ó dìde. Kí oṣù náà tó parí, òun àti ìyàwó rẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n kúrò nílùú, ẹnikẹ́ni kò sì sìn wọ́n dé ẹ̀yìn odi.

Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti lọ, Ọdẹ́rìnlọ kò lè fara dà á mọ́. Ó lọ sí ìpàdé ọdẹ, ó dìde, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ti rí: ejò, ìwo kejì, ìlà ara ọ̀pá, kápù tó ti bàjẹ́. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ padà. Ó ní ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi òun ṣe ni kí wọ́n ṣe.

Wọ́n wo ara wọn. Àánú ló kún ojú wọn, kì í ṣe ìbínú. Olúọdẹ ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Ìbànújẹ́ ló ń dà yín láàmú. Ẹni tó bá fẹ́ràn àna rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè máa di ẹ̀bi ru ara rẹ̀."

"Mo ní mo rí ìlà náà pẹ̀lú ojú mi!"

"Bàbá," ni ọdẹ ọ̀dọ́ náà wí jẹ́jẹ́, "ẹ ti ń gbàgbé nǹkan, ó ti pẹ́. Gbogbo wa la mọ̀. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lè máa dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú yín."

Ó bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti lé ní ọdún kan. Wọn kò fẹ́ dójú tì í ni. Wọ́n ṣì ń gbé ìbọn wá fún un nítorí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délé, oníkálukú a máa ti ọ̀pá bọ ìbọn rẹ̀ kó tó lò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀kan nínú wọn ti bá ẹrù méjì nínú tirẹ̀. Ó tú u, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Akínlàbí nìkan ni kò mọ̀. Kì í ṣe ọdẹ.

Ọdẹ́rìnlọ lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú erèé, èyí tí wọ́n ká ní oko àbúrò rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó sì sọ fún un. Obìnrin náà kò gbé orí sókè títí ó fi sọ ọ́ tán. Láti ọdún tó ti wọlé rẹ̀, "ẹ" ló fi ń pè é, kò pè é ní "o" rí.

"O rántí?" ló bi í.

"Mo rántí."

"O rí i pé méjì ni, o sì gbé e fún un."

"Mo gbé e fún un."

Ó gbé àtẹ erèé náà kúrò lórí itan. "Èmi náà rí garawa omi kejì," ló wí. "Mo rí i, mo dákẹ́, mo pè é ní ìfẹ́." Ó dìde, ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ sí ilé baba rẹ̀ láti bá opó àbúrò rẹ̀ tọ́ ọmọ. Kò padà.

Ọdẹ́rìnlọ tún gbé ọdún mẹ́rin láyé. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan wá ń tọ́jú rẹ̀. Ìgbàgbé kó gbogbo rẹ̀ lọ níkẹyìn, títí kan ọjọ́ náà. Láràárọ̀ ni yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì béèrè pé, "Akínlàbí dà? Ó ní òun ń bọ̀ wá gba ìbọn." Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà a máa sọ òtítọ́ fún un. Yóò bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Ní ọjọ́ kejì yóò tún béèrè. Nígbà tó yá, ọmọ náà kò lè ṣe é mọ́. Ó ń dá a lóhùn pé Akínlàbí ń bọ̀ lọ́nà.

Awakọ̀, ìdí nìyí tí èmi pásítọ̀ rẹ fi ní kó o dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn.

Ọdún mọ́kàndínlógún lo ti ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ wa, kò sí ẹni tó fi ara pa lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo rí ọ bó o ti ń fi ọwọ́ wá ibi tí wọ́n ń di ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mú, bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn, oòrùn sì wà lókè. Àwọn alàgbà náà ti rí i. Ọ̀kan nínú wọn kì í wọ ọkọ̀ rẹ mọ́, ó ní ẹsẹ̀ ló wu òun láti fi rìn. Ìyàwó rẹ ló ń ka lẹ́tà fún ọ báyìí, ó sì ń sọ fún wa pé o ń sinmi ojú ni. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún ọ ni kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Mo ti rò ó wò, irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ́n jù fún mi.

Sátidé yìí, àwọn akọrin méjìdínlógún yóò wọ bọ́ọ̀sì náà lọ sí ìpàdé àgbègbè. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ nǹkan kan nípa ojú rẹ. Wọn yóò wọlé, wọn yóò máa kọrin, wọn yóò gbé ọkàn lé ọ.

Mi ò ní gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ tipátipá, mi ò sì ní sọ ọ́ níwájú ìjọ. Ìwọ ni mo fẹ́ kó o sọ ọ́, kó o sọ ọ́ lónìí, nígbà tí kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ìwé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kà á fún mi láti ibi tó o jókòó sí. Bí o kò bá rí i, sọ pé o kò rí i.